Android box àtijọ́: kí n jù ú nù, àbí open source ṣì lè jí i?

Ọmọ_Àgbowó · Jímọ̀, 8:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi ra Android box kan ní Dùgbẹ̀ ní ọdún 2017, torí tẹlifíṣàn wa kì í ṣe smart. Android 6 ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣe dáadáa fún ìgbà pípẹ́, kí YouTube tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ò bá a ṣe mọ́, làwọn áàpù yòókù bá tẹ̀lé e. Ní báyìí, èèyàn lè tẹ bọ́tìnì kan, kó lọ tẹ ẹ̀bà, kó jẹ ẹ́ tán, kó padà wá bá a níbi tó fi í sí.

Bàbá ní kí n kó o fún àwọn tó ń ra ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ kiri àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n kan ní Àpẹ̀tẹ̀ ní kí n má dán an wò, pé àwọn kan ń gbé ètò open source, ìyẹn ètò tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, sórí irú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo máa nílò? Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni 4GB RAM, 32GB, 4K. Láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ mi. Owó ni kò sí.

Másùn · 9:03 alẹ́

Tà á fún wọn jàre, àbúrò. Owó súyà ni. Stick tuntun tó ní Google TV nínú wà lọ́jà, o kàn máa kì í bọ tẹlifíṣàn ni. Kí ni ìyà ń ṣe fún ẹ?

Àdùkẹ́_Linux · 9:40 alẹ́

Másùn, jẹ́ ká mọ àìsàn tó ń ṣe é ká tó gbẹ́ sàréè.

Ọmọ_Àgbowó, àpótí yẹn ò kú o. Android inú rẹ̀ ló kú. Àwọn tó ṣe é ò rán àtúnṣe kankan sí i mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbowó. Àwọn áàpù ń dàgbà, òun dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n apá ibi tó ń tú fídíò nínú chip rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí bàbá rà á. Ẹ̀yà fídíò H.264 àti HEVC tó ń tú nígbà náà ló ṣì ń tú báyìí, láìlàágùn. Ohun tí a ó ṣe ni pé ká yẹ Android sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká gbé ètò tó fúyẹ́ ka ibẹ̀.

Má wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Chip ni kó o wò. Fi áàpù CPU-Z sórí fláàṣì, gbé e wọ inú àpótí náà, yóò dárúkọ chip fún ẹ. Bí ohun tó sọ bá ń rú ẹ lójú, tú ìdí àpótí, ṣí irin pẹlẹbẹ tó ń gba ooru, kó o fi ojú ara ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára chip.

Bó bá jẹ́ Amlogic, bíi S905, S905X, S905W tàbí S912, iṣẹ́ rọrùn. CoreELEC ló máa gbà. Ọdún 2018 ni CoreELEC ya kúrò lára LibreELEC, LibreELEC fúnra rẹ̀ ti ya kúrò lára OpenELEC ní 2016. (Aáwọ̀ ẹbí ni, ẹ má fi ẹjọ́ wọn lọ̀ mí.) Iṣẹ́ kan péré ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n á jí Linux kékeré kan (ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Android), wọ́n á sì ṣí Kodi, ètò tí a fi ń wo fíìmù tí a sì fi ń gbọ́ orin, sójú tẹlifíṣàn. Kò sí ibi ìtajà áàpù, kò sí ìpolówó, kò sí ohunkóhun tó ń sáré lẹ́yìn ilé.

Bó bá jẹ́ Rockchip RK3229 tàbí Allwinner H3, ọ̀nà wà níbẹ̀ náà, àmọ́ wàá ka ìwé díẹ̀ sí i.

Ọmọ_Àgbowó · 10:17 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó. Amlogic S905X. RAM: 1GB. Ibi ìpamọ́: 8GB.

Níbo wá ni 4GB àti 32GB wà?

Bàbá_Rédíò · 10:25 alẹ́

Ó wà lára páálí.

Másùn · 10:26 alẹ́

😂😂😂 Bàbá!

Bàbá_Rédíò · 10:48 alẹ́

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìdí iṣẹ́ títún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe ní Mọ́kọ́lá ni irun mi ti funfun, irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí mo ti tú kò lóǹkà. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń tún Android inú rẹ̀ ṣe kó lè máa pe 1GB ní 4GB fún ẹni tó bá wo "Settings". Àgbà òṣìkà ni wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ sọ rèé. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sọ́fíwià, ẹ yẹ ṣájà wò. Ohun tó ń kọ́kọ́ kú lára àpótí wọ̀nyí nìyẹn. 5V, 2A ló yẹ kó máa fún un. Tí kapásítọ̀ inú ṣájà bá ti wú, iná tó ń jáde á rẹlẹ̀. Àpótí á máa pa ara rẹ̀, á máa tan ara rẹ̀, olówó rẹ̀ á ní sọ́fíwià ni. Bẹ́ẹ̀ sọ́fíwià ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí o: ṣájà ráòtà àti ti dẹ̀kódà sábà máa ń jẹ́ 12V, ẹnu wọn sì lè wọ ihò àpótí yín wẹ́kú. Ẹni tó bá kì 12V bọ inú ohun tó ń jẹ 5V ti se é jinná nìyẹn. Ẹ ka ara ṣájà. Ẹ má kàn gbé èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́.

Ẹ má gbé e lé orí dẹ̀kódà náà. Ooru á pa á.

Àdùkẹ́_Linux · Sátidé, 7:30 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ṣájà yẹn ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ òfò.

Àbúrò, 1GB tó Kodi. Bó o ṣe máa ṣe é rèé, fara balẹ̀ kà á.

Dáńlóòdù CoreELEC tó bá S905X mu. Èyí ṣe pàtàkì: àwọn àtúnṣe tuntun ti fi chip àtijọ́ sílẹ̀, nítorí náà àwọn àtúnṣe àtijọ́ tó ṣì wà nínú ilé ìkópamọ́ wọn ni kó o wá, má mú èyí tó tuntun jù. Fi dátà òru gbé e, kò pọ̀. Lo balenaEtcher tàbí Rufus láti kọ ọ́ sórí mẹ́mọ́rì kàádì. Tó bá parí, wàá rí fódà kan nínú kàádì náà tí wọ́n ń pè ní device_trees. Ibẹ̀ ni ìwé tó ń sọ fún Linux bí ara àpótí rẹ ṣe rí wà: ibi tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ìwọ̀n RAM, irú Wi-Fi. Tìrẹ ni gxl_p212_1g.dtb. Dà á kọ sí ìta fódà, ní ìbẹ̀rẹ̀ kàádì, kó o wá yí orúkọ rẹ̀ sí dtb.img. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń wá sọ níbí pé "ojú tẹlifíṣàn dúdú ni".

Wàyí o, kì kàádì bọ inú àpótí, kí iná má tíì sí lára rẹ̀. Mú igi ìtayín kan. Inú ihò AV, níbi tí wọ́n ń ki wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò bọ̀, bọ́tìnì kékeré kan fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú àpótí yìí. Fi igi ìtayín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí wàá fi gbọ́ ìró "kẹ́". Mú un dání bẹ́ẹ̀, fi iná sí i, kó o fi í sílẹ̀ nígbà tó o bá rí àmì CoreELEC. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa ṣe èyí. Lẹ́yìn náà, tó bá ti rí kàádì, orí kàádì ló máa ti jí.

Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé Android rẹ ò mọ nǹkan kan nípa gbogbo eré yìí. Yọ kàádì, Android á padà wá bó ṣe wà. Ọ̀nà wà láti gbé CoreELEC wọ inú àpótí gan-an, kó má lo kàádì mọ́. Mi ò gbà ẹ́ nímọ̀ràn rẹ̀. Kàádì tó bá bàjẹ́, èèyàn á ra òmíràn. Inú àpótí tó bá bàjẹ́, ó di ti àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yẹn náà.

Sọjí_Sángo · 8:05 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kàádì ayédèrú pọ̀ lóde. Èyí tí wọ́n kọ 64GB sí lè má ju 8GB lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux. Àwọn méjèèjì á kọ nǹkan kún kàádì, wọ́n á tún kà á padà, òótọ́ á sì jáde. 8GB gidi ti tó CoreELEC.

Akẹ́kọ̀ọ́_UI · 9:22 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ààbò, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun gan-an ni ìdí tó fi yẹ kéèyàn kúrò lórí Android tí wọ́n bá ara àwọn àpótí aláìlórúkọ wọ̀nyí wá.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Daniel Milisic gbé e jáde pé àpótí T95 tí òun rà lórí Amazon ti ní kòkòrò nínú láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àpótí náà ń bá àwọn kan tó jókòó sí òkèèrè sọ̀rọ̀, ó ń dúró de àṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé wá mọ orúkọ BADBOX, bí wọ́n ṣe ń pe irú kòkòrò tó ń bá ẹ̀rọ jáde láti ilé iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, BSI, gé nǹkan bí ẹ̀rọ 30,000 kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń darí wọn. Ní oṣù kẹfà 2025, FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráàlú nípa BADBOX 2.0.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé wa ni pé àwọn tí a ò rí lè máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ san owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ibi, àdírẹ́ẹ̀sì ilé yín ló sì máa hàn níbi tí wọ́n ti ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dátà ń lọ. Àwọn kan ń pariwo pé dátà àwọn ń tán láìwo nǹkan kan. Kí wọ́n wo ohun tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn.

Àdùkẹ́_Linux · 9:51 àárọ̀

Òótọ́ ni. Tí àpótí bá jí láti orí kàádì, Android yẹn ò ní sáré rárá, kòkòrò inú rẹ̀ ò sì ní rí ẹsẹ̀ gbé. Kí n ṣáà fi kún un pé ètò kékeré tó ń kọ́kọ́ jí, èyí tó ń pe Linux wá, tiwọn ló ṣì jẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ lè má fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, kó kàn so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé.

Ẹ tún yí pásíwọ́ọ̀dù SSH padà, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà wọ inú àpótí láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. "coreelec" ni wọ́n fi sí i látilẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Àgbowó · 4:36 ìrọ̀lẹ́

Ó JÍ O!!! Bàbá mi wá dúró sẹ́yìn mi, ó ní "ta ló tún ra òmíràn?" Ó yára ju ti ọjọ́ tí a rà á lọ. Fíìmù tó wà lórí fláàṣì ń lọ gbẹrẹgẹdẹ.

Rìmóòtù ni kò dá a lóhùn. Máòsì ni mo fi ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́, Màámi sì ní àwọn ò ní di akọ̀wé kóun tó wo fíìmù.

Sọjí_Sángo · 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ lo rìmóòtù tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀. HDMI-CEC ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, inú "Settings" tẹlifíṣàn lẹ ti máa tàn án. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ń pè é ní Bravia Sync. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, òkè, ìsàlẹ̀ àti OK á máa darí Kodi. Rìmóòtù kan ṣoṣo lọ́wọ́ Màámi, ọ̀rọ̀ tán.

Bí tẹlifíṣàn yín ò bá ní in, áàpù Kore wà fún fọ́ònù, àwọn tó ṣe Kodi ló ṣe é. Rìmóòtù àtijọ́ náà ṣeé lò, àmọ́ ẹ máa wá fáìlì remote.conf tó bá a mu. Èmi kì í da ara mi láàmú débẹ̀.

ÌyáÌbejì_Akóbọ · 6:14 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Mò ń kà á bọ̀ láti àárọ̀. Ìbéèrè èmi ò le. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà nílé mi, àwọn ọmọ fẹ́ràn àwòrán, èmi àti ìyá ọkọ mi fẹ́ràn fíìmù Yorùbá. Fíìmù kún inú hádì dísìkì mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni dátà. Tí mo bá ń wo fíìmù láti yàrá sí pálọ̀ lórí Wi-Fi, ṣé dátà máa lọ?

Àdùkẹ́_Linux · 6:55 ìrọ̀lẹ́

Màámi Ìbejì, ìbéèrè yín ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí a ti kọ síbí.

Rárá. Kọ́bọ̀ kan ò ní lọ. Ráòtà ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń so ilé yín pọ̀ mọ́ ìta, ó sì ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé pọ̀ mọ́ra wọn. Ìta nìkan ni wọ́n ń gbowó lé lórí. Bí dátà bá tilẹ̀ ti tán pátápátá, tí ẹ ò sì tíì ra òmíràn, ráòtà tó wà lórí iná á ṣì máa gbé fíìmù láti yàrá lọ sí pálọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, wọ́n á pa ráòtà lọ́jọ́ tí dátà bá ti tán.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àpótí wọ̀nyí nílùú wa nìyẹn. Níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, wọ́n lè máa wo ohun gbogbo láti òkèèrè. Àwa tó ń ra dátà ní gígà-gígà, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kéèyàn gbé nǹkan wọlé lẹ́ẹ̀kan lóru, kí gbogbo ilé máa wò ó títí. Ẹ so hádì dísìkì mọ́ àpótí tó wà ní pálọ̀, ẹ tan Samba, ètò tó ń pín fáìlì nínú ilé, nínú "Services", àwọn fọ́ònù àti láptọ́ọ̀pù á rí i. Bí àpótí kejì bá wà ní yàrá ìyá, òun náà á máa kà láti ibẹ̀.

Bàbá_Rédíò · 7:20 alẹ́

Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ ti hádì dísìkì yẹn. Èyí tí kò ní ṣájà tirẹ̀, láti inú USB ló ti ń jẹ iná. USB 2.0 ò ní ju 500mA lọ gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀, dísìkì tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lè béèrè tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ "tẹ́kẹ́, tẹ́kẹ́" tí kò sì ṣí, ebi iná ló ń pa á. Ẹ má jẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, á ba dísìkì jẹ́. Ẹ ra USB hub tó ní ṣájà tirẹ̀, ẹ so dísìkì mọ́ ọn.

Másùn · 7:41 alẹ́

Ẹ ń yin nǹkan yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Netflix ńkọ́? Ṣé ó ń ṣe Netflix? Stick tuntun tí mo sọ ń ṣe é.

Sọjí_Sángo · 7:58 alẹ́

Kò ṣe é dáadáa, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn tó ń ta fíìmù fi àgádágodo kan tí ń jẹ́ Widevine ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ló ń rí àwòrán tó mọ́ gaara. Lórí Kodi, ẹni tó bá rí i ṣe pàápàá, àwòrán tó rẹlẹ̀ ló máa rí, ọ̀nà náà sì ń já nígbàkigbà tí wọ́n bá yí nǹkan padà. YouTube lórí Kodi ń fẹ́ kí o lọ gba API key (kọ́kọ́rọ́ ìwọlé) tìrẹ lọ́dọ̀ Google. Ẹni tó jẹ́ pé Netflix nìkan ló ń wò, kó gbọ́ ti Másùn, kó ra stick.

Kodi fúnra rẹ̀ ò sì ní fíìmù kankan nínú. Àwọn tó ń ta àpótí "tó ti kún" nígboro, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kún un, àwọn tó ṣe Kodi ti sọ láìmọye ìgbà pé àwọn ò mọ̀ wọ́n rí.

Akẹ́kọ̀ọ́_UI · 8:10 alẹ́

Ohun tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín nípa Kodi ni pé irú iṣẹ́ tí Ọmọ_Àgbowó ṣe yìí ló bí i. Orí Xbox àkọ́kọ́ ti Microsoft, ẹ̀rọ géèmù, ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ torí wọ́n fẹ́ máa fi wo fíìmù. XBMC lorúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 2014 ni wọ́n yí i sí Kodi, torí kò tiẹ̀ sáré lórí Xbox yẹn mọ́. Ara XBMC náà ni Plex, ètò fíìmù mìíràn, ti jáde.

Délé_Eléyẹlé · 8:33 alẹ́

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ Kodi, Kodi. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Jellyfin, ètò tó ń pín fíìmù láti orí ẹ̀rọ kan fún gbogbo ilé? Jellyfin máa fún yín ní ojú ewé tó lẹ́wà, àwòrán páálí fíìmù, àkọọ́lẹ̀ ibi tí oníkálukú bá a dé. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí apá kan tí wọ́n ń gbowó lé. Ó ya kúrò lára Emby, ètò irú rẹ̀ kan, ní ìparí 2018 nígbà tí Emby pa kóòdù rẹ̀ mọ́. Mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó wà lẹ́yìn fíríìjì, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Àdùkẹ́_Linux · 8:59 alẹ́

Lórí láptọ́ọ̀pù, mo fara mọ́ ọn. Lórí àpótí 1GB, rárá. Lọ́jọ́ tí fọ́ònù kan bá ní òun ò lè ṣí irú fídíò kan, Jellyfin á fẹ́ máa tún fídíò náà ṣe lójú ẹsẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Chip kékeré yìí mọ fídíò í tú, kò mọ̀ ọ́n í tún ṣe, á dákú. Ẹni tó bá fẹ́ fi àpótí rẹ̀ ṣe ilé ìpamọ́ nìkan, kó fi Armbian (Linux tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀) sórí kàádì, kó fi Samba àti MiniDLNA, tó ń pín fídíò fún tẹlifíṣàn, sí i, ó tán. Wọ́n á jókòó sínú 1GB, àyè á ṣẹ́ kù.

Ohun kejì ni iná. Délé, láptọ́ọ̀pù yín ń jẹ tó wáàtì mélòó?

Délé_Eléyẹlé · 9:06 alẹ́

Mi ò wọ̀n ọ́n rí. Sólà wa ń gbé e.

Bàbá_Rédíò · 9:34 alẹ́

Ẹni tó ní sólà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá àwọn yòókù ṣírò rẹ̀. Àpótí tó ń jẹ wáàtì 5, tó bá wà lórí iná látàárọ̀ dàárọ̀, 120Wh ni. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 25, 600Wh ni. Bátìrì ínfátà 12V, 200Ah, téèyàn ò bá fẹ́ pa á, ìdajì rẹ̀ ló yẹ ní lílò: 1,200Wh. Láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan gbé ìdajì ohun tó ṣeé lò. Fáànù ńkọ́? Gílóòbù ńkọ́?

5V tí àpótí ń jẹ tún ní àǹfààní kan. Àwọn mini UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráòtà báyìí, púpọ̀ nínú wọn ní ojú 12V, 9V àti 5V. Ráòtà á jẹ 12V, àpótí á jẹ 5V lára ọ̀kan náà. Tí wọ́n bá mú iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé ò ní mí pàá. Ẹ sáà wò ó pé ojú 5V rẹ̀ lè gbé 2A, torí àwọn kan ò ju 1A lọ.

Sọjí_Sángo · 9:50 alẹ́

Mini UPS tún wo àìsàn kan sàn tí ẹ ò tíì rí. Àwọn àpótí yìí ò ní bátìrì aago nínú. Iná lọ, iná dé, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò sì sí, àpótí ò mọ ọjọ́ mọ́, ó lè máa rò pé ọdún 1970 la wà. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá padà, ojú-ìwé àti add-on (áàpù kékeré inú Kodi) á ní ìwé ẹ̀rí àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn ò ní ṣí. Ẹ máa rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ kàn dúró kó rí aago gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ọjọ́ burúkú ló jẹ́ fún àwọn tó ní Chromecast kejì ní oṣù kẹta 2025: ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún mẹ́wàá tó wà nínú rẹ̀ pé ọjọ́, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé títí Google fi rán àtúnṣe. Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀.

Adé_Ọjẹ́ · Sàńdè, 2:15 ọ̀sán

Fíìmù nìkan lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orin.

Bàbá mi fi káséètì àpàlà, sákárà àti jùjú sílẹ̀, mo ti ń gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Armbian ni mo fi sórí àpótí S905 mi, mo wá gbé Lyrion Music Server lé e. Òun ni ètò tí wọ́n kọ fún Squeezebox, ẹ̀rọ tó ń kọ orin, láyé àtijọ́. Logitech ti jáwọ́ nínú ṣíṣe Squeezebox láti 2012, ojú-òpó tó ń gbé e ró lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ti pa ní 2024, ṣùgbọ́n nítorí pé kóòdù sáfà rẹ̀ wà ní gbangba, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà á mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ ní Lyrion, wọ́n ń tún un ṣe títí dòní. Squeezelite, ètò tó ń gbé orin náà jáde, wà lórí àpótí kan náà, mo so USB DAC kékeré (ohun tó ń sọ orin kọ̀ǹpútà di ohun tí áńpù lè gbà) mọ́ ọn, ó wọ inú áńpù àtijọ́. Fọ́ònù ni mo fi ń yan orin.

Tí mo bá so àpótí mìíràn mọ́ ìlú kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn méjèèjì á máa kọ orin kan náà pọ̀, ẹsẹ̀ kan ò ní ṣíwájú èkejì. Ẹ wá gbọ́ gángan nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ láti pálọ̀ dé ibi ìdáná.

ÌyáÌbejì_Akóbọ · 2:40 ọ̀sán

Ìlú kékeré kẹ̀? Ẹ̀yin Adé, sípíkà lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?

Adé_Ọjẹ́ · 2:44 ọ̀sán

Sípíkà ni, ẹ má bínú. Bàbá mi ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Másùn · 3:30 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbọ́. Dẹ̀kódà àtijọ́ tí mi ò sanwó rẹ̀ mọ́ ńkọ́? Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun náà ní HDMI, ó ní USB. Ṣé kò ṣeé jí báyìí?

Sọjí_Sángo · 3:52 ọ̀sán

Ẹ fi sílẹ̀. Dẹ̀kódà àwọn tó ń gba owó oṣooṣù, wọ́n ti ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pa: ètò tí wọn ò bá fọwọ́ sí, chip inú rẹ̀ ò ní gbà á kó sáré. Igi ìtayín ò lè ṣí ìyẹn.

Ẹ yọ wáyà HDMI rẹ̀, ẹ yọ ṣájà 12V rẹ̀ tó bá jẹ́ èyí tó ń yọ, fún ráòtà. Àwo orí òrùlé gan-an ló níye lórí. Ẹ ra USB tuner tó ń gba DVB-S2 (irú àmì tí ìkànnì sátẹ́láìtì ń lò), ẹ so ó mọ́ àpótí, ẹ fi Tvheadend, ètò tó ń gba ìkànnì wọlé, sí i. Gbogbo ìkànnì ọ̀fẹ́ tí àwo yẹn bá kọjú sí á máa wọ inú Kodi, ẹ sì lè gbà wọ́n sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra tuner, ẹ rí i dájú pé Linux mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀.

Másùn · 3:55 ọ̀sán

Hmm. Elo ni wọ́n ń ta tuner yẹn?

Tòkunbọ̀_Ojóò · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. S905W ni tèmi, 2GB gidi (mo tú u, mo kà á). Mo lo gxl_p212_2g, irú èyí tí ẹ dárúkọ, àmọ́ ti 2GB. Ó jí, àmọ́ Wi-Fi ò sí rárá. Tẹlifíṣàn mi ò sì ní HDMI, AV nìkan ló ní. Láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni mo ti dán an wò.

Àdùkẹ́_Linux · 7:02 alẹ́

p212 ti S905X ni. Fún S905W, gxl_p281_2g ni kó o kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí Wi-Fi bá ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí chip Wi-Fi rẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí kò ní dráífà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára páálí irin kékeré kan nínú àpótí náà, kọ ọ́ síbí ká wò ó. Ní báyìí ná, fi wáyà so ó mọ́ ráòtà, ìyẹn kì í já èèyàn kulẹ̀.

Ti tẹlifíṣàn, ra ohun tó ń sọ HDMI di AV. Mú èyí tó ní ihò USB fún iná tirẹ̀, torí iná inú HDMI nìkan kì í sábà tó o. Lẹ́yìn náà, lọ sí "Display" nínú Kodi, fi í sí 720p, kó o sì mú kí lẹ́tà ojú rẹ̀ tóbi, torí AV ò ní fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ hàn. Kọ orúkọ dtb tó bá gbà síbí, pẹ̀lú àwòrán inú àpótí náà tó o bá lè yà á.